Kànga Ọmọ Ìyá Méjì Nínú Igbó Elédè

Ẹ gbé àpótí yẹn kúrò níwájú mi, mi ò jókòó. Èmi Ọdẹ́gbàmí, a-rìn-má-wẹ̀yìn, ọkọ Ìbídàpọ̀, ọmọ ọkùnrin tó fẹ̀yìn ti ìrókò tí ìrókò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, bí mo bá jókòó, ìtàn náà á jókòó. Ẹ jẹ́ kí n máa rìn káàkiri àgbàlá yìí, kí ẹ sì máa fojú bá mi lọ. Ẹni tí ọrùn bá ń dùn, kó fi etí nìkan gbọ́.

Làmídì gbẹ́nàgbẹ́nà, mo rí ọ o. O ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó yanu, ìwọ tí o kò wọ igbó kọjá ibi tí o ti ń gé igi ìlẹ̀kùn rí. Máa rẹ́rìn-ín rẹ lọ. Ẹ̀rín náà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi.

Ìletò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iléṣà ni mo ti fẹ́ Ìbídàpọ̀. Ẹ sì mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ibi tí àwa bá ti pe ilé, wọn á pè é ní ulé. Ibi tí àwa bá ti pe igi, wọn á ní ugi. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ agbo ilé wa, bó bá ti lanu báyìí, àwọn obìnrin ilé á di inú mú. Ìyá mi gan-an ni olórí wọn. Ìyá mi kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa ládùúgbò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn í sín jẹ ju ọ̀bọ lọ. Yóò sín Ìbídàpọ̀ jẹ láàárọ̀, yóò tún sín in jẹ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ kan, iná ràn mọ́ koríko òrùlé ilé ìdáná. Ọdẹ́wálé ọmọ wa sùn sórí ẹní nínú ibẹ̀. Ìbídàpọ̀ ń ti odò bọ̀, òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó ju ìkòkò omi sílẹ̀, ó fi igbe ta: “Uná! Uná o!” Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé iná ló ń wí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀rín ti di bárakú fún wọn, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Ìyá mi tilẹ̀ ti sín in jẹ tán, “Uná o, uná o,” kó tó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ tó kí ènìyàn gbé itọ́ mì, ṣùgbọ́n ó tó fún iná láti bọ́ sórí ọmọ. Wọ́n yọ ọ́, ó yè, ara ẹ̀yìn rẹ̀ sì bó.

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídàpọ̀ kò ti fọhùn mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń dáná, ó ń pọnmọ, ó ń kúnlẹ̀ kí ìyá mi láràárọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é, ojú ni yóò fi dáhùn. Èyí tó wá mú mi ní ọkàn ni pé ọmọ náà, tó yẹ kó ti máa pe bàbá, tó yẹ kó ti máa pe màmá, òun náà dákẹ́. Ta ni yóò kọ́ ọ? Ohùn tó yẹ kó gbọ́ kò jáde. Ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé odi méjì ni mo fẹ́ ní nílé.

Ara mi kò gba ilé mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Mo gba ilé Olúọdẹ Ògúndìran lọ, ọkùnrin tó kọ́ mi ní ìbọn yíyìn. Ó wò mí títí, ó ní, “Ọdẹ́gbàmí, jókòó.” Mo ní mi ò jókòó. Ó ní, “Ó dáa, dúró gbọ́ ọ. Igbó kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Igbó Elédè. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ aráyé ń sọ, ibẹ̀ ni ìlú wọn wà, wọ́n ní ọwọ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ bíi tiwa. Kànga kan wà láàárín igbó náà. Bí odi bá mu omi rẹ̀, yóò fọhùn.” Kò tíì dákẹ́ tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ké tẹ̀ lé mi pé, “O ò tilẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣọ́ ọ!”

Ohun tó ń ṣọ́ ọ ni mo pàdé ní ẹnubodè igbó náà. Ahọ́n-ò-sinmi ni orúkọ rẹ̀. Kò ní ojú, kò ní imú, ẹnu ni gbogbo ara rẹ̀, ahọ́n sì ń yọ láti inú ẹnu kọ̀ọ̀kan. Kí n tó gbé ìbọn, ó ti fi ahọ́n kan we ọrùn mi, ó fi òmíràn we ẹsẹ̀ mi, ó gbé mi sókè. Gbogbo ẹnu náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé: “Kí ló ń rìn tí kì í fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, tó ń dé ibi tí ẹni tó ni ín kò lè dé?”

Mo ní, “Ọta ìbọn mi ni!”

Ó fún mi lọ́rùn, ojú mi ṣókùnkùn. Ó ní ọta ìbọn ti èmi ọdẹ burúkú yìí kò tilẹ̀ dé ibi tí mo bá fojú sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, irọ́ ló ń pa, gbogbo yín ló mọ̀. Mo rántí Ìbídàpọ̀ tó dákẹ́ sílé. Mo rántí pé ohùn kan tí ìyá mi sọ lọ́jọ́ iná yẹn ṣì ń rìn nínú ilé wa di ìsinsìnyí. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ ẹnu ni.” Ó sọ mí sílẹ̀ bùà bí ẹni sọ ẹrù igi, ó sì yà fún mi.

Ìlú àkọ́kọ́ tí mo dé, ènìyàn ni ìlú náà fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ ojú títì, ohùn kan ti abẹ́ ẹsẹ̀ mi wá: “Àlejò, rọra tẹ̀ mí o, àyà mi nìyẹn.” Mo fò sókè! Mo wá rí ojú ọkùnrin arúgbó kan tó tóbi bí ẹnubodè, ilà bàmú sì là á lójú kọjá láti orí imú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ilé o, baba. Ta ni yín?”

“Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé níhìn-ín,” ni ó wí. “Èmi ni Táùn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ pe ìlú, èmi ló ń rán. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ìlú ni wọ́n bí mi. Ọgbà ni mí nígbà èwe mi, igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yí ilé ká. Àwọn ará inú ọgbà wá ń pọ̀ sí i, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń kọ́lé, orúkọ mi ni wọ́n sì ń jẹ́. Nígbà tó yá, ọgbà wó, ìlú kù.”

Mo béèrè bóyá ó ní ọmọ ìyá. Ó fajú ro. Ó ní, “Wọ́n ní ọkùnrin kan ń bẹ lódìkejì odò, láàárín àwọn Jámánì, tó ń jẹ́ Sáùn. Wọ́n ní ó jọ mí. Irọ́ ni! Àbàjà ló wà lójú tirẹ̀. Ẹni tó kọ bàmú lọ́hùn-ún, Tíà ló ń jẹ́, ẹranko ni, kò sì sí ohun tó kàn mí kan ẹranko. Mi ò ní ọmọ ìyá.” Mo fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń yún mi. Mo kọjá lórí àyà rẹ̀, mo ń rọra tẹ̀ ẹ́.

Ní ìpẹ̀kun ìlú ni ìwo àgbọ̀nrín ti yọ nínú ewé. Ẹ̀yin mọ̀ mí. Mo ti gbé ìbọn sójú kí n tó rántí pé àlejò ni mí. Ẹni náà ké pé, “Baba ọdẹ, ẹ má yìn ín!” Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó kọ pélé, ìwo ló wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ó ní Díà ni orúkọ òun, òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń rán bí wọ́n bá fẹ́ pe àgbọ̀nrín àti àwọn ìbátan rẹ̀.

“Ìyẹn nìkan?” ni mo wí.

Ó sunkún. “Ẹ ò mọ̀ mí nígbà tí mo wà ní ipò. Gbogbo ohun tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn ni mò ń gbé lẹ́yìn nígbà yẹn: ẹkùn, ìkookò, ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ àjèjì kan tó ti ilẹ̀ Faransé wá ló gba ẹrù náà lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀, òmíràn tún ti èdè Látìn wá. Àgbọ̀nrín yìí nìkan ni wọ́n ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá kọjá odò, ẹ ó rí ẹni tí kò tíì sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé èmi ni mo rán yín. Bàmú ló kọ. Kì í ṣe ará ilé mi.” Àánú rẹ̀ ṣe mí gidi. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo bọ́ sínú odò.

Bí mo ṣe yọ sí òkè odò, ilẹ̀ mì. Ẹ dẹ etí o! Ohun tó ń bọ̀ wá bá mi, ọwọ́ ìjà erin ló wà níwájú rẹ̀, ìrù ẹkùn wà lẹ́yìn, ìyẹ́ igún wà ní ẹ̀gbẹ́, ẹnu ọ̀nì wà nísàlẹ̀, bàmú sì là á lójú kọjá. Ó ń bú ramúramù pé: “Tíà! Tíà!” Orúkọ tí Jámánì fi ń pe gbogbo ẹranko nìyẹn. Mo yìn ín, ọta wọ inú irun kìnnìún tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sọnù síbẹ̀. Mo fa àdá yọ, ọwọ́ ìnàkí kan gbà á lọ́wọ́ mi. A jà títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn lójú mi àti lára òun náà. Bí ọdẹ bá ro ti ìṣẹ́, tó ro ti ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi kò tilẹ̀ rí ẹran pa, ẹran ló fẹ́ pa mí. Nígbà tí kò sí ohun ìjà mọ́, mo pariwo ohun tí Díà ní kí n má sọ: “Díà ló rán mi!”

Ó dúró. Gbogbo orí ẹranko tó wà lára rẹ̀ yí sí ara wọn. Ó rọra béèrè pé, “Ṣé ó ṣì wà láàyè? Ẹranko wo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀?” Mo ní àgbọ̀nrín nìkan. Ẹranko ńlá náà jókòó sórí iyanrìn, ó ní, “Kì í ṣe ará ilé mi, pélé ló kọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi ń dùn mí?”

Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo ṣe ń lọ ló ń dún lórí mi, mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bíi wèrè, títí mo fi dé ìdí ọgbà gíga kan. Ọgbà náà kí mi káàbọ̀. Ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́: Sáùn ni, tí Jámánì ń rán bí wọ́n bá fẹ́ pe ọgbà. Àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Ọgbà ni wọ́n bí mi, ọgbà náà ni mo ṣì wà. Mo gbọ́ pé ẹnì kan di ìlú ńlá lọ́hùn-ún. Ó dáa fún un. Mi ò mọ̀ ọ́n.” Mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, ṣùgbọ́n ó ti nawọ́ sí kànga, mi ò sì lè dúró mọ́.

Kànga nìyẹn láàárín odò tí mo ti kọjá, lórí àpáta kan; mo wẹ̀ débẹ̀. Òkúta pẹrẹsẹ ni ìdérí rẹ̀. Obìnrin arúgbó méjì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Omi ń kán láti orí irun wọn. Èyí tó kọjú sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ bàmú, Wọ́tà ni orúkọ rẹ̀. Èyí tó kọjú sí ọ̀dọ̀ Jámánì kọ àbàjà, Fásà lorúkọ tirẹ̀. Omi ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán àwọn méjèèjì.

Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí kànga fún mi. Ìyàwó mi kò fọhùn, ọmọ mi ti ń yadi tẹ̀ lé e.”

Wọ́tà ní, “Àṣẹ kànga ni pé ọmọ ìyá méjì ní láti jọ gbé òkúta náà. Mi ò ní ọmọ ìyá níhìn-ín. Wo ojú obìnrin yẹn. Bàmú ni ìdílé wa ń kọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ la ti jókòó báyìí.”

Fásà ní, “Àbàjà ni tiwa. Ọdẹ, máa lọ.”

Mo lọ káàkiri àpáta náà, mo padà, mo tún lọ. Wọ́tà ní kí n dúró, ìrìn mi ń kọ́ òun lóòyì. Mo ní ẹ jẹ́ kí n rìn, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń ronú. Bàmú ti Táùn, àbàjà ti Sáùn. Bàmú ti Wọ́tà, àbàjà ti Fásà. Pélé ti Díà, bàmú ti Tíà. Ẹ gbọ́ mi, ọmọ Yorùbá ni mí, wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ ilà tàn mí jẹ. Ìdílé Alápó ládùúgbò wa ńkọ́? Bàbá wọn kọ pélé láti ìlú tí wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n olóòlà ibí ló kọlà fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbí, gọ̀ǹbọ́ ló sì kọ fún wọn. Ta ló sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ Alápó?

Mo kígbe, “Ẹ̀yin ìyá! Ojú ẹni tó kọ irú ilà yín lẹ ti ń wá ará ilé, ibẹ̀ lẹ ti ṣìnà. Olóòlà kan ló wọ ìlú Jámánì nígbà láéláé, ó fi ọ̀bẹ tirẹ̀ kọlà fún gbogbo wọn. Kò kọ ọ́ ní ìkọkúkọ. Gbogbo ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ kọ bàmú níbí, àbàjà ló kọ fún un lọ́hùn-ún. Gbogbo ẹni tí tirẹ̀ kọ pélé níbí, bàmú ló kọ fún un. Ẹ fetí sí orúkọ wọn: Tá níbí, Sá lọ́hùn-ún; Dí níbí, Tí lọ́hùn-ún. Mo ti rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ojú mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yìí rí wọn! Bí ẹ kò bá jẹ́ ọmọ ìyá, ilà yín ìbá kàn rí jágbajàgba ni. Bí wọ́n ṣe yàtọ̀ létòlétò yìí gan-an ni ẹ̀rí.”

Wọ́tà dìde. “Bí o bá so mí pọ̀ mọ́ àjèjì, èmi yóò rì ọ́ sínú odò yìí.”

Mo ní, “Ẹ kọ́kọ́ gbé òkúta náà wò. Bó bá kọ̀ láti dìde, ẹ rì mí.” Ẹ wò ó, ẹnu lásán ni mo fi ṣe akọ. Àwọn méjèèjì kò wo ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n nawọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ bàmú ní ìhín, ọwọ́ àbàjà ní ọ̀hún. Òkúta náà dìde fúyẹ́ bí ìdérí ìkòkò.

A bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Ojú arúgbó méjì hàn nínú omi, ojú kẹta sì wà láàárín wọn, ojú obìnrin kan tí kò kọ ilà kankan. Ó jọ àwọn méjèèjì. Fásà ní, “Ìyá wa nìyẹn.” Wọ́tà ní, “Kí ni orúkọ rẹ̀?” Wọn kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó wà láyé tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ kó tó lọ. Ojú àwọn ọmọ nìkan la fi mọ bí tirẹ̀ ṣe rí. Àwọn arúgbó náà di mọ́ ara wọn, wọ́n sunkún, mo sì bá wọn sunkún, bí mo ṣe le tó yìí. Wọ́n pọn omi kún akèrègbè fún mi. Mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà délé, sáré ni mò ń sáré.

Nígbà tí mo dé, gbogbo agbo ilé tú jáde. Mo gbé akèrègbè sókè, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà kí n kọ́kọ́ fún Ìbídàpọ̀ lómi. Mo dúró láàárín agbo ilé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ròyìn rẹ̀ fún yín yìí. Nígbà tí mo dé ibi olóòlà, mo rí i pé ìyá mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí mo dé ibi ojú tí kò ní ilà, ó dìde. Ó lọ bá Ìbídàpọ̀ níbi tó gbé ọmọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá tó bí mi kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé rẹ̀! Àwọn obìnrin ké pé, “Á à, Ìyá, ẹ dìde!” Kò dìde.

Ó ní, “Ìyàwó mi, o pe iná, mo rẹ́rìn-ín, ọmọ mi jóná. Ẹ̀rín yẹn ń jẹ mí lọ́kàn lójoojúmọ́. Jọ̀wọ́, bá mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ilé ìyá rẹ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.”

Mo ti ń ṣí akèrègbè kí ó lè mu. Ìbídàpọ̀ fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kúnlẹ̀ kọjú sí ìyá mi, ó sì fọhùn. Ohùn ìlú tirẹ̀ ló fi sọ ọ́, ẹnu tèmi kò lè sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní, “Ìyá, ohùn mi kò sọnù. Mo gbé e pamọ́ ni. Mo ní ọjọ́ tí ẹnì kan nínú ulé yìí bá sọ pé òun fẹ́ gbọ́ ọ, èmi yóò mú un jáde.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá gbójú sókè wò mí, èmi tí ẹ̀jẹ̀ Tíà àti ẹ̀jẹ̀ tèmi ti gbẹ mọ́ lára, tí mo gbé omi Igbó Elédè lọ́wọ́.

Ó ní, “Baba Ọdẹ́wálé, ẹ kú ìrìn o. Ẹ rìn jìnnà. Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi rí.”

Làmídì, o ò rẹ́rìn-ín mọ́? Ó tó, ẹ dìde, kí kálukú máa lọ. Ẹni tí ẹnì kan bá ń dákẹ́ dè nílé, kó yára ẹsẹ̀.